ÀWỌN ÀGBÀLAGBÀ TÍ Ó KỌ IṢẸ́ ABẸ ILẸ̀KÙN ỌKÀN: ÌTÀN BÍ A ṢE MỌ OHUN TÍ Ó Ń GBẸ̀YÌN WỌN

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ìtàn ogun tàbí ti ìjọba. Ìtàn ìmọ̀ kan ni. Ìmọ̀ náà ni èyí tí àwọn oníṣègùn ní nípa àwọn àgbàlagbà tí ilẹ̀kùn ọkàn wọn ti le, tí a sì sọ fún pé iṣẹ́ abẹ ni ó lè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní àwọn kò ṣe. Bí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ bá bi dókítà léèrè pé, 'Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?', òǹkà ni dókítà fi ń dá a lóhùn: ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún. Ìbéèrè tiwa ni pé, níbo ni òǹkà wọ̀nyí ti wá? Ara ta ni a ti kà wọ́n? Ǹjẹ́ àwọn tí a kà nígbà náà jọ àgbàlagbà tí ó ń béèrè yìí?

Ìdí tí ìbéèrè náà fi ṣe pàtàkì kò fara sin. Òǹkà tí dókítà bá dá ni aláìsàn àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbé ìpinnu wọn lé. Bí òǹkà náà bá burú ju bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ, ẹ̀rù ni a fi ti àgbàlagbà dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá sì dára ju bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ, ọ̀rọ̀ dídùn ni a fi sin ín lọ sí ikú tí ó ṣeé yẹ̀ fún. Ọ̀nà méjèèjì ni a fi ń ṣi àgbà lọ́nà.

Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ pín sí mẹ́ta. Èkíní ni pé òǹkà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ara àwọn àgbàlagbà ni a ti kà á. Èkejì ni pé nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, inú agbọ̀n kan náà ni a kó àwọn tí ó kọ iṣẹ́ abẹ àti àwọn tí dókítà kò fi iṣẹ́ abẹ lọ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni pé láti ọdún 1987 títí di 2010, ohun tí a rí nípa ọdún kìíní àwọn aláìsàn wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun gbogbo tí ó yí wọn ká ni ó ń yí padà.

Ó tọ́ kí a fi ààlà sí iṣẹ́ wa. Ilẹ̀kùn tí ó wà láàárín ìyẹ̀wù òsì ọkàn àti iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara ni a ó sọ̀rọ̀ lé, nígbà tí ó bá há. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rí wa ti wá, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, tí a sì ti kọ́kọ́ ka àwọn tí kò ṣe é.

2. Ilẹ̀kùn náà àti àìsàn rẹ̀

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn. Iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti fáàfù tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì: wọn a ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá, wọn a sì tì kí ó má baà padà sẹ́yìn. Èyí tí à ń sọ yìí ní ewé mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń ṣí, ó ń tì ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Nígbà tí ó bá ṣí tán lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ààyè rẹ̀ a tó 3 sí 4 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, èròjà líle tí ó wà nínú egungun a máa gbá jọ sára ewé wọ̀nyí, títí wọn yóò fi gan bí awọ tí oòrùn ti pa. Bí ààyè náà bá ti dín sí 1 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣègùn a ní àìsàn náà ti le.

Àmì mẹ́ta ni ó fi ń hàn: àyà a máa dun aláìsàn nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, òòyì a máa kọ́ ọ, a sì máa dákú, mímí a sì máa ṣòro fún un nítorí pé agbára ọkàn ti ń tán. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gbé àìsàn yìí kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ọ̀kankan nínú wọn. Ìgbà tí àmì bá ti yọjú ni ọ̀rọ̀ ń di kíákíá, ìgbà náà sì ni ìbéèrè iṣẹ́ abẹ ń dìde.

3. Ìgbà tí kò sí ohun tí a lè kọ̀

Ènìyàn kì í kọ ohun tí a kò fi lọ̀ ọ́. Fún ìdí èyí, ìtàn àwọn tí ó kọ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìtàn iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Àìsàn náà ti wà tipẹ́. Lazare Rivière, oníṣègùn ará Faransé, ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú òkú tí a là ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1904, Mönckeberg ní ilẹ̀ Jámánì ṣàlàyé bí líle náà ṣe ń bá ọjọ́ ogbó rìn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Gbogbo aláìsàn ni ó wà láìṣe iṣẹ́ abẹ, a kò sì lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn ni ó yàn bẹ́ẹ̀.

Ní 1912, ní ìlú Paris, Théodore Tuffier fi ìka rẹ̀ ti ògiri iṣan ńlá ọ̀dọ́kùnrin kan wọ inú ilẹ̀kùn tí ó há náà láti là á díẹ̀. Aláìsàn náà kò kú, síbẹ̀ ọ̀nà náà kò di ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn lè máa tọ̀. Ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ kò ju ọ̀kan lọ: a kò lè dá ọkàn dúró kí a sì ṣí i láìjẹ́ pé ohun mìíràn ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1953, ní Philadelphia, John Gibbon lo ẹ̀rọ tí ó gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe fún ìgbà díẹ̀, aláìsàn rẹ̀ sì yè. Ọ̀nà ti là.

Ní oṣù kẹta ọdún 1960, ní Boston, Dwight Harken yọ ilẹ̀kùn tí ó bàjẹ́, ó sì fi èyí tí a fi ọwọ́ ṣe rọ́pò rẹ̀ ní ààyè rẹ̀ gan-an. Ní ọdún kan náà, ní Portland, Albert Starr àti Lowell Edwards tí í ṣe ẹnjiníà fi irú tiwọn sí ilẹ̀kùn kejì tí ó wà ní apá òsì ọkàn. Ní 1962, Donald Ross ní London lo ilẹ̀kùn tí a mú lára òkú ènìyàn. Ní 1965, Alain Carpentier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris lo ti ẹlẹ́dẹ̀. Ọdún 1965 yìí náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ń san owó ìtọ́jú àwọn tí ó ti pé ọdún 65. Láàárín ọdún márùn-ún, ohun tí kò sí rí ti wà, owó láti fi ṣe é sì ti wà fún àgbàlagbà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà 'ó kọ̀' ti ní ìtumọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn.

4. Òǹkà tí ó di òwe

Ní 1968, John Ross àti Eugene Braunwald kọ àpilẹ̀kọ kan tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní bí àyà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun aláìsàn yìí, ó ku nǹkan bí ọdún 5. Bí ó bá ti dákú, ó ku nǹkan bí ọdún 3. Bí agbára ọkàn bá ti ń tán, ó ku nǹkan bí ọdún 2. Òǹkà mẹ́ta yìí di òwe lẹ́nu àwọn oníṣègùn. Ìwòsàn kan kò sí tí a kì í ti í pa á fún aláìsàn tí ó bá ń ṣiyè méjì.

Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ẹ̀rí tí ó wà lábẹ́ òwe yìí kò rí bí a ti ń rò. Èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ wá láti inú àyẹ̀wò òkú tí a ṣe ṣáájú 1955, kí iṣẹ́ abẹ yìí tó wà. Ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà nígbà tí wọ́n kú, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 63. Púpọ̀ nínú wọn ni ibà tí ń ba oríkèé àti ọkàn jẹ́ ti ṣe ní kékeré, àwọn mìíràn sì ni a bí pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí ewé rẹ̀ kò pé. Àìsàn ọjọ́ ogbó tí Mönckeberg ṣe àpèjúwe kọ́ ni ó pọ̀ níbẹ̀.

A kò sọ èyí láti bu àwọn òǹkọ̀wé náà kù. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò, ohun tí wọ́n sì fẹ́ fi hàn, pé àmì ni ó yẹ kí a máa ṣọ́, jẹ́ òtítọ́ títí di òní. Ohun tí à ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí dókítà kan ní 1985 bá pa òwe ọdún 2, 3, àti 5 fún ìyá arúgbó ẹni ọdún 82, ìtàn àwọn ẹlòmíràn ni ó ń sọ fún un: àwọn tí ó kéré sí i ní ogún ọdún, tí àìsàn wọn ní orísun mìíràn, tí a kò sì bi léèrè rí bóyá wọ́n fẹ́ iṣẹ́ abẹ tàbí wọn kò fẹ́.

5. Ẹ̀rí àwọn tí ó wà láìṣe é

Bí iṣẹ́ abẹ ti ń gbilẹ̀ sí i, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù láti mọ bí àìsàn náà ti ń rìn fúnra rẹ̀: kí a ka àwọn tí kò ṣe é. Ní 1973, Frank àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn kan jáde lórí aláìsàn 15 tí àìsàn wọn le, tí wọ́n sì wà láìṣe iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọdún 5, 52 nínú 100 ni a ṣírò pé yóò ti kú. Lẹ́yìn ọdún 10, 90 nínú 100. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí òǹkà yìí. Ènìyàn 15 ni. A fi 100 ṣe òdiwọ̀n fún ohun tí kò tó ogún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi tọ́ka sí i nínú ìwé lẹ́yìn ìwé.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Horstkotte àti Loogen kọ ìwé ní 1988 nípa àwọn tí ó kọ iṣẹ́ abẹ. Láti ìgbà tí àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, oṣù 45 ni wọ́n lò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dákú, oṣù 27. Láti ìgbà tí agbára ọkàn ti tán, oṣù 11. Àtẹ̀gùn kan náà ni èyí àti ti 1968, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà jù lọ ni ti O'Keefe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, ní 1987. Aláìsàn 50 ni wọ́n kà, ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún 77 bí a bá pín in dọ́gba. Àwọn kan nínú wọn ni ó kọ̀ fúnra wọn. Àwọn yòókù, dókítà ni ó rò pé kò ní dára. Lẹ́yìn ọdún kan, 57 nínú 100 ni ó wà láàyè. Lẹ́yìn ọdún méjì, 37. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 25. Nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní àìsàn náà, 93, 85 àti 77 ni ìbá wà láàyè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, arúgbó tí ń béèrè lè gbọ́ ìdáhùn tí ó wá láti ara àwọn arúgbó bíi tirẹ̀. Ìdáhùn náà kò dùn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

6. Ta ni ó kọ̀ gan-an?

Ibí yìí ni ìṣòro kejì wà. A ti rí i pé nínú àwọn 50 ti ọdún 1987, oríṣi ènìyàn méjì ni a kó pọ̀. Ẹni tí ó kọ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le, tí ó kàn sọ pé òun ti gbó, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ ní àlàáfíà. Ẹni tí dókítà kò fi lọ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kídìnrín, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí a bá kó wọn pọ̀, tí a sì fi wọ́n wé àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyàtọ̀ tí a óò rí kò ní jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ nìkan. A ti kọ́kọ́ ṣa àwọn tí ara wọn le sí apá kan.

Àpẹẹrẹ èyí hàn nínú iṣẹ́ Varadarajan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Loma Linda, ní California, ní 2006. Nínú aláìsàn 740, 453 ni kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọdún 1, 62 nínú 100 àwọn wọ̀nyí wà láàyè. Lẹ́yìn ọdún 5, 32. Lẹ́yìn ọdún 10, 18. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn tí ó ti pé ọdún 80 sọ́tọ̀, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, 87 nínú 100 àwọn tí ó ṣe é wà láàyè, àti 52 nínú 100 àwọn tí kò ṣe é. Lẹ́yìn ọdún 5, ó di 68 àti 22. Ìyàtọ̀ náà tóbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tí a gbé lọ sórí tábìlì ti jẹ́rìí. Kí ni a mọ̀ nípa ìdí tí àwọn yòókù kò fi dé ibẹ̀?

Ìwádìí tí a ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 2001, ní orílẹ̀-èdè 25, tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè náà. Iung àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn 216 wò, tí wọ́n ti pé ọdún 75, tí ilẹ̀kùn wọn há gidigidi, tí àmì sì ti yọ lára wọn. Fún 72 nínú wọn, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan, ìpinnu ni pé a kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ àti àìlágbára ọkàn ni ó wúwo jù lórí òṣùwọ̀n. Àwọn àìsàn mìíràn tí ènìyàn ìbá rò pé wọ́n ni ó dí wọn lọ́wọ́ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe arúgbó ni ó kọ iṣẹ́ abẹ. Iye ọdún tí ó wà lórí káàdì rẹ̀ ni a kà, tí a sì bá a kọ̀ ọ́.

Ní 2008, Kojodjojo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Britain gbìyànjú láti tú agbọ̀n náà. Àwọn tí ó ti pé ọdún 80 ni wọ́n wò, wọ́n sì ya àwọn tí iṣẹ́ abẹ yẹ ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò yẹ rárá. Ewu ikú àwọn tí ó kọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn tí ó gbà lọ. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ yọ àwọn tí ara wọn ti bàjẹ́ kúrò, iye tí àìgbà ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn kò kéré. Ìyẹn ni ó mú kí ó burú púpọ̀ láti kọ̀ ọ́ fún ẹni tí a kò bi léèrè.

7. Fèrè rọ́bà, oògùn, àti ọdún kìíní tí kò yí padà

Ní 1985, ní ìlú Rouen ní ilẹ̀ Faransé, Alain Cribier wá ọ̀nà kan fún àwọn arúgbó tí kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ti okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan itan dé inú ilẹ̀kùn tí ó há, ó sì fẹ́ fèrè rọ́bà kékeré kan níbẹ̀ láti fi là á. Ara tu àwọn aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Ìdùnnú náà kò pẹ́, nítorí pé láàárín oṣù díẹ̀ ilẹ̀kùn náà a tún há. Nígbà tí Otto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka aláìsàn 674 tí a ṣe èyí fún ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n rí ní 1994 ni pé 55 nínú 100 wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, 35 lẹ́yìn ọdún méjì, 23 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà 1987, ìyẹn 57, 37 àti 25. Bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan ni.

Oògùn náà kò ṣe é. Ọ̀pọ̀ rò pé oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù lè dá líle ilẹ̀kùn náà dúró. Ìdánwò tí a ṣe ní Scotland, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, àti èyí tí ó tóbi jù ú lọ tí èsì rẹ̀ jáde ní 2008, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn tí ń mú kí ènìyàn tọ̀ kí omi ara dínkù lè mú kí mímí rọrùn, ṣùgbọ́n kò ṣí ilẹ̀kùn.

8. Ọdún 2010

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2002, Cribier yìí kan náà ti ilẹ̀kùn tuntun gba inú iṣan dé inú ọkàn ọkùnrin ẹni ọdún 57 kan tí ó ń kú lọ, láìla àyà rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìdánwò kan ti jáde ní Amẹ́ríkà tí ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Aláìsàn 358 tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti sọ pé kò ṣeé ṣe fún, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 83 bí a bá pín in dọ́gba, ni a pín sí méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké. A fi ilẹ̀kùn tuntun sí apá kan. A fi apá kejì sílẹ̀ fún ìtọ́jú àtijọ́, títí kan fèrè rọ́bà. Èsì jáde ní 2010. Lẹ́yìn ọdún kan, 30.7 nínú 100 ti kú ní apá kìíní, 50.7 ní apá kejì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 71.8 àti 93.6.

Fún akọ̀tàn, pàtàkì ìdánwò yìí wà ní apá kejì rẹ̀. Kèké ni ó pín wọn. Kì í ṣe dókítà ni ó ṣa àwọn tí ara wọn le sápá kan. Síbẹ̀ òǹkà náà jọ àwọn tí ó ti kọjá. Ní ọdún kìíní, àwọn tí ó wà láàyè jẹ́ 57 nínú 100 nínú ìwé 1987, 55 nínú ti 1994, 52 nínú ti àwọn ẹni ọdún 80 sókè ti California, àti bí 49 nínú ti 2010. Ní ọdún mẹ́tàlélógún yẹn, ẹ̀rọ yí padà, oògùn yí padà, ilé ìwòsàn yí padà. Ìdajì àwọn arúgbó tí àmì ti yọ lára wọn, tí a kò sì pààrọ̀ ilẹ̀kùn wọn, ṣì ń kú láàárín ọdún kan tàbí díẹ̀ sí i. Nínú gbogbo òǹkà inú ìtàn yìí, èyí ni ó yẹ kí dókítà máa sọ fún àgbàlagbà, kì í ṣe òwe 1968.

Ó tún yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ìdánwò yìí kò fi ewu pamọ́. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, rọpárọsẹ̀ tí ó le ṣe 5 nínú 100 ní apá ilẹ̀kùn tuntun, ó sì ṣe ẹyọ kan péré nínú 100 ní apá kejì. Arúgbó tí ó sọ pé òun kò bẹ̀rù ikú tó bí òun ti bẹ̀rù àìlèsọ̀rọ̀ kò sọ ìsọkúsọ.

9. Ohun tí òǹkà kò sọ

Òfin ti gbà tipẹ́ pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ni ó ni ara rẹ̀. Adájọ́ Cardozo sọ ọ́ ní New York ní 1914. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2001 nínú ẹjọ́ dókítà Okonkwo, tí a fìyà jẹ nítorí pé ó gbà fún aláìsàn tí kò fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà dá a láre. Ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kò sí nínú àríyànjiyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kò mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn. Michael DeBakey ti Houston jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá iṣẹ́ abẹ iṣan ńlá sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2005, nígbà tí ó di ẹni ọdún 97, iṣan ńlá tirẹ̀ ya. Àìsàn ilẹ̀kùn kọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni. Ó kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn dókítà rẹ̀ fẹ́ kí a ṣe é, àwọn kan nínú ilé ìwòsàn kò fẹ́, ìgbìmọ̀ sì jókòó lé e lórí. Wọ́n ṣe é ní oṣù kejì ọdún 2006. Ó yè, ó ní inú òun dùn pé wọ́n ṣe é, ó sì kú ní 2008 ní ẹni ọdún 99. Àwọn kan fi ìtàn yìí sọ pé kí a má gbọ́ ti arúgbó. Lójú tiwa, kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá yè nìkan ni ó lè padà wá dúpẹ́. Ẹni tí a fi ipá ṣe é fún tí ó sì kú lórí tábìlì kò ní ẹnu tí yóò fi bá wa wí.

Ohun kejì tí òǹkà kì í sọ ni pé ìdúródè yàtọ̀ sí kíkọ̀. Ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024 wo àwọn aláìsàn 901 tí ilẹ̀kùn wọn há ṣùgbọ́n tí àmì kò tíì yọ. Nínú àwọn tí a ní kí ó máa dúró, 87 nínú 100 ni ó padà ṣe é. Ikú kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìyàtọ̀ láàárín ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó bá sọ pé 'kò tíì yá' kò tíì kọ̀, kò sì yẹ kí a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó kọ̀.

Ẹ̀kẹta kàn wá nílé. Ní 1974 ni a kọ́kọ́ ṣí ọkàn fún iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní Enugu. Títí di òní, ibà tí ń ba ọkàn jẹ́ ni ó wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú àìsàn ilẹ̀kùn ọkàn lọ́dọ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ ni ó sì ń bá jà jù. Ẹni tí kò rí owó san tàbí ilé ìwòsàn tí yóò ṣe é kò kọ iṣẹ́ abẹ, bí ìwé tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó kọ̀. Inú ìyẹ̀wù tí àwọn ará Amẹ́ríkà wà ṣáájú 1960 ni ó wà: a kò tíì fi nǹkan lọ̀ ọ́.

10. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti tọpa òǹkà tí a fi ń dá àgbàlagbà tí ó kọ iṣẹ́ abẹ lóhùn. A rí i pé ti 1968 wá láti ara àwọn òkú tí ọjọ́ orí wọn kéré. Pé ti 1973 jẹ́ ti ènìyàn 15. Pé láti 1987 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn arúgbó fúnra wọn. Pé nínú púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, ohùn aláìsàn àti ìpinnu dókítà ni a kọ sí abẹ́ àkọlé kan náà. Àti pé ìdánwò 2010 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọdún kìíní burú gan-an bí àwọn ìwé ìṣáájú ti wí.

Láti ibí yìí, a gbà pé ohun mẹ́ta yẹ ní ṣíṣe. Kí àkọsílẹ̀ máa sọ ẹni tí ó kọ̀, yálà aláìsàn, ọmọ rẹ̀, tàbí dókítà. Kí ó máa sọ ohun tí a fi lọ̀ ọ́, nítorí pé ẹni tí ó kọ kí a la àyà òun ní 1987 kì bá máà kọ ohun tí ń gba inú iṣan itan wọlé lónìí. Kí a sì máa sọ òǹkà tí ó bá ọjọ́ orí àti àmì ara ẹni tí ń béèrè mu. Lẹ́yìn èyí, bí àgbà bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán tí ó sì mi orí pé òun kò ṣe, ìdáhùn rẹ̀ ti pé. Kí dókítà rẹ̀ má ṣe pa á tì fún ìyẹn, nítorí pé ọdún tí ó kù fún un, ó ṣì nílò ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ nínú rẹ̀.